Ta ni Lila Cheney, olórin rọ́ọ̀kì inú ìwé X-Men?

Ẹni tó bá ń ka àwọn ìwé àwòrán X-Men tí wọ́n tẹ̀ láàrin 1984 sí 1991 yóò ṣàdédé bá obìnrin kan pàdé lórí ìtàgé, máìkì lọ́wọ́, èrò rẹpẹtẹ níwájú rẹ̀. Lila Cheney lorúkọ rẹ̀. Nínú ìwé tó ti kọ́kọ́ yọjú, olè paraku ni, ayé wa yìí gan-an ló sì fẹ́ jí. Ìwé mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti di olólùfẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó dí i lọ́wọ́. Tó bá tún yá, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ fún oṣù gbọọrọ, àfi ìgbà tí àwọn X-Men, ẹgbẹ́ akọni inú ìwé náà, bá nílò ẹni tí yóò gbé wọn dé ibi tí ọkọ̀ wọn ò lè dé. Ibẹ̀ ni òǹkàwé ti máa ń béèrè pé: ta ni eléyìí gan-an? Ṣé olórin tó wà láyé ni wọ́n yà sínú ìwé ni? Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ X-Men ni? Bó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò ní ìwé tirẹ̀?

Mo fẹ́ràn Lila púpọ̀, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá rí i tí wọ́n ń pè é ní ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. Lóòótọ́, ẹ̀dá-ìtàn kékeré ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn tó dá a sílẹ̀ ò kà á sí. Agbára tí wọ́n fún un ló sọ ọ́ di ẹ̀dá-ìtàn kékeré, ohun tí mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó ń jẹ́ Lila Cheney tí wọ́n wá fi í ya àwòrán. Òǹkọ̀wé Chris Claremont àti ayàwòrán Bob McLeod ló dá a sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà. Inú ìwé tí wọ́n pè ní New Mutants Annual #1, tó jáde ní 1984, ló ti kọ́kọ́ fojú hàn. Nọ́ńbà yẹn máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á wá New Mutants #1 ra, wọ́n á kà á tán, wọn ò ní rí Lila níbẹ̀. Ìwé tó ń jáde lóṣooṣù ní nọ́ńbà tirẹ̀: #1, #2, #3, títí lọ. Annual ní tirẹ̀ máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó máa ń nípọn ju ti oṣooṣù lọ, nọ́ńbà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Nítorí náà, Annual #1 jáde nígbà tí ìwé oṣooṣù náà ti lé lọ́dún kan tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí 1983 ni ti oṣooṣù bẹ̀rẹ̀.

Àwọn New Mutants fúnra wọn, ọ̀dọ́ ni wọ́n. Nínú ayé tí Marvel dá sílẹ̀, àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú agbára tó ju ti èèyàn lásán lọ. Mútáǹtì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Xavier kó àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sí ilé-ìwé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń ṣàkóso agbára wọn. Àwọn X-Men ni àgbà, àwọn New Mutants ni àbúrò. Claremont ló ń kọ ìwé méjèèjì nígbà náà. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn fún Lila láti máa ti inú ìwé kan bọ́ sí òmíràn.

Ìdí wà tí ìbéèrè nípa bóyá ẹni gidi ni Lila fi máa ń wáyé. Àwọn olórin gidi wọ inú ìwé àwòrán Amẹ́ríkà lóòótọ́. Ní 1965, àwọn Beatles yọjú nínú Strange Tales #130, níbi tí Human Torch àti Thing, akọni Marvel méjì, ti fẹ́ lọ wo eré wọn. Ní 1977, ẹgbẹ́ KISS fojú hàn nínú ìwé Howard the Duck, kí Marvel tó tẹ ìwé odindi fún wọn lọ́dún yẹn kan náà. Fún ìwé yẹn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ẹ̀jẹ̀ lára, wọ́n sì dà á sínú yíǹkì pupa tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ya fọ́tò ètò náà fún ìpolówó. Ní 1979, Alice Cooper ni Marvel Premiere #50 dá lé lórí. Gbogbo àwọn wọ̀nyí wọ inú ìwé pẹ̀lú orúkọ àti ojú tí a mọ̀ wọ́n sí.

Ọ̀nà kejì ni kí ayàwòrán yá ojú olórin kan, kí òǹkọ̀wé sì fún ojú náà ní orúkọ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn tó ń jẹ́ John Constantine ṣe dé sínú Swamp Thing #37 ní 1985, nílé-iṣẹ́ DC. Stephen Bissette àti John Totleben, tí wọ́n ń ya ìwé náà, fẹ́ ya ẹnì kan tó jọ Sting tó ti kọrin nínú ẹgbẹ́ Police. Alan Moore sì kọ ìtàn tó bá ojú náà mu.

Lila wà ní ọ̀nà kẹta: olórin tí wọ́n hùmọ̀ látòkèdélẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Olórin tó wà láyé ló ni orúkọ rẹ̀. Bí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé bá parí, ilé-iṣẹ́ náà kò lè máa fà á jáde bó ṣe wù ú. Ìdí nìyí tí KISS àti Alice Cooper fi wá gẹ́gẹ́ bí àlejò tí wọ́n sì lọ. Ti Lila kò rí bẹ́ẹ̀. Marvel ló ni ín, torí òfin Amẹ́ríkà nípa iṣẹ́ tí a gbé fún ni ṣe máa ń fi ẹ̀tọ́ sọ́wọ́ ẹni tó san owó iṣẹ́. Claremont tó dá a sílẹ̀ kò lè mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, òǹkọ̀wé mìíràn tó bá sì ń ṣiṣẹ́ fún Marvel lè jí i dìde nígbàkígbà. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀dá-ìtàn kan sọnù fún ọdún púpọ̀ tó sì tún ṣàdédé yọ pẹ̀lú ìwà tó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn.

Olórin mìíràn wà tí àwọn èèyàn máa ń fi Lila pè, òun ni Dazzler. Alison Blaire ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Uncanny X-Men #130, ìwé oṣooṣù àwọn X-Men, ní 1980, ló ti kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n ń gbèrò rẹ̀, Marvel àti ilé-iṣẹ́ Casablanca Records ni wọ́n jọ fẹ́ ṣe é: ọ̀kan yóò tẹ ìwé, èkejì yóò gbé àwo orin jáde. Orin dísíkò ni ìgbà náà ń jó sí, olórin dísíkò ni wọ́n sì fi Alison ṣe. Casablanca padà yọwọ́, Marvel sì dá ìwé náà gbé. Dazzler #1, ní 1981, ni wọ́n tà fún kìkì àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwé àwòrán, wọn kò gbé e fún àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó tà ju 400,000 lọ. Àṣeyọrí yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé rí i pé ọjà àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwé Dazzler dé #42 kó tó dúró ní 1986.

Agbára Alison ni láti sọ ìró di ìmọ́lẹ̀. Bí ìlù bá ṣe ń dún sí, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀ ṣe ń mọ́lẹ̀ sí. Ẹni tó dá a sílẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ṣe nǹkan kan náà: bí kò bá sí orin, kò sí Dazzler. Agbára Lila ní tirẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú orin. Ìbá jẹ́ pé aránṣọ ni, ìbá ṣì lè ṣe ohun tó ń ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí orúkọ àwọn méjèèjì wọ ara wọn ni pé wọ́n ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé mútáǹtì ni Alison, kò rí iṣẹ́ olórin ṣe mọ́, torí àwọn èèyàn kórìíra mútáǹtì nínú ayé ìwé náà. Ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ó sì lọ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ẹgbẹ́ Lila. Ẹni tó ti ní ìwé tirẹ̀ wá di ẹni tó ń tẹ dùùrù lẹ́yìn ẹni tí kò ní ìwé rárá! Ibẹ̀ ló wà títí di 1987, nígbà tó wọ ẹgbẹ́ X-Men nínú Uncanny X-Men #214. Nítorí náà, bí ẹ bá rí obìnrin méjì lórí ìtàgé kan náà nínú àwọn ìwé ìgbà yẹn, ẹni tó di máìkì mú láàrin ni Lila, ẹni tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù ni Dazzler.

Ó wá ku agbára Lila fúnra rẹ̀.

Àwọn baba wa ń sọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n ń pè ní kánàkò. Ẹni tó bá ní i, ọ̀nà á kúrú níwájú rẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn yóò fi odindi ọjọ́ rìn, kíá ni yóò dé ibẹ̀. Òǹkàwé Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí Lila tó pòórá lójú kan tó sì yọ níbòmíràn lè yára sọ pé kánàkò ni. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀. Kánàkò wúlò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Lila kò lè ti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Kò tilẹ̀ lè ti inú yàrá rẹ̀ pòórá kó yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tó jìn bí ìràwọ̀ kan sí òmíràn ni agbára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dé. Ohun tó bá sún mọ́ tòsí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí bí jíjìn náà ṣe tó. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe yára tó yẹn, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó kàn wá lára. Ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ ni Proxima Centauri. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò níbẹ̀ lónìí yóò rin ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ni ìtumọ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń sọ bí wọ́n bá ní jíjìn ibi kan jẹ́ ọdún ìmọ́lẹ̀ mélòó kan. Ọdún níbẹ̀ kì í ṣe àkókò, jíjìn ni: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè rìn jìnnà tó láàrin ọdún kan, èyí tó ju tírílíọ̀nù mẹ́sàn-án kìlómítà lọ.

Ká wá ní Lila kọrin tán ní London, ó sì fẹ́ lọ kọrin ní New York lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nǹkan bí 5,570 kìlómítà ló wà láàrin ìlú méjèèjì. Jíjìn yìí kéré jù fún un. Àfi kó kọ́kọ́ fò lọ sí ibì kan lẹ́bàá ìràwọ̀ mìíràn, kó tó wá ti ibẹ̀ fò padà sí New York. Ìyẹn ni pé yóò kọjá tírílíọ̀nù kìlómítà lọ́nà méjì kó lè dé ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń gbé èèyàn dé láàrin wákàtí mẹ́jọ. Láti ọjọ́ tí mo ti lóye èyí ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀ jókòó ronú dáadáa.

Ibi tó máa ń fò lọ yẹn, ilé rẹ̀ ni. Ó ń gbé inú ohun tí wọ́n ń pè ní Dyson sphere, tí kì í ṣe òun ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ onímọ̀ físíìsì gidi kan wá, Freeman Dyson, tó kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science ní 1960. Èrò rẹ̀ ni pé bí àwọn ẹ̀dá kan bá wà níbòmíràn tí ọ̀làjú wọn ti pẹ́ gan-an, agbára tí wọn yóò máa lò yóò pọ̀ débi pé wọn yóò fẹ́ gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára ìràwọ̀ wọn, wọn ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Wọn yóò to nǹkan yí ìràwọ̀ náà ká. Àwa tó wà lókèèrè kò ní rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ yóò ṣì máa jáde, a sì lè fi ẹ̀rọ wá ooru náà. Ohun tí Dyson ń sọ ni pé ẹgbàágbèje nǹkan kéékèèké ni yóò máa yí ìràwọ̀ náà po, bí ìgbà tí oyin bá ṣù bo ẹ̀ka igi. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ló sọ ọ́ di ògiri kan ṣoṣo tó ṣe bìrìkìtì, tí ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀, tí èèyàn sì lè kọ́lé sí ara rẹ̀ nínú. Irú èyí tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn yìí ni ilé Lila.

Ẹ rò ó wò: olórin tí ilé rẹ̀ gba odindi ìràwọ̀ sínú. Àwọn ilé ńlá tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì àwọn ọdún 1980 ń kọ́, tí wọ́n fi ń yangàn nínú ìwé ìròyìn, Claremont gbé e dé ibi tí kò sí ẹni tó tún lè gbé e kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olè tó ń jà. Kò sẹ́ni tó máa ń fura sí olórin tó ń rìnrìn àjò láti ìlú dé ìlú. Ó dé, ó kọrin, ó lọ. Lila ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ayé kan dé òmíràn, ó sì ń kó ohun tó wù ú bọ̀. Nínú Annual #1 yẹn, ó ti bá àwọn ẹ̀dá kan tí wọ́n ń jẹ́ Vrakanin dúnàádúrà, ayé wa sì ni ọjà tó fẹ́ tà fún wọn. Àwọn New Mutants ló bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹni tó gbajúmọ̀ jù nínú ìtàn Lila lẹ́yìn ìyẹn ni Sam Guthrie, ọ̀kan nínú àwọn New Mutants, tí wọ́n ń pè ní Cannonball. Ọmọ Kentucky ni Sam, àkọ́bí ilé tó kún fún ọmọ. Àìsàn tí eruku èédú ń fà sí ẹ̀dọ̀fóró ló pa bàbá rẹ̀, òun náà sì ti wọ inú kòtò èédú lọ ṣiṣẹ́ kí Xavier tó rí i. Ọmọ onítìjú ni, tó ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ obìnrin tó ti rin ìràwọ̀ já, tó ń jalè, tí ẹgbàágbèje èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, gbogbo òǹkàwé ló mọ̀ pé nǹkan yóò le. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé Claremont kò fi Lila ṣe ẹ̀kọ́ fún Sam. Ó jẹ́ kó fẹ́ràn ọmọ náà lóòótọ́. Ìfẹ́ wọn sì ló jẹ́ kí Lila kúrò nínú ọ̀tá, kó di ọ̀rẹ́ tí a lè ké pè.

Ẹ̀ṣọ́ Lila náà yẹ ní mímọ̀. Guido Carosella lorúkọ rẹ̀. New Mutants #29, ní 1985, ló ti kọ́kọ́ yọ, nígbà tí Bill Sienkiewicz ń ya ìwé náà. Ọkùnrin gìrìwò ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí bí nǹkan bá gbá a, agbára ohun tó gbá a náà á wọ inú ara rẹ̀, á di okun. Bí kò bá tètè lò ó, á máa dà á láàmú. Ní 1991, òǹkọ̀wé Peter David mú un wọ ẹgbẹ́ X-Factor, wọ́n sì ń pè é ní Strong Guy. Ọmọ iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn ìtàgé wá gbajúmọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ tó ń kọrin lọ. Ẹgbẹ́ Lila nìkan, ẹni méjì ló ti ibẹ̀ jáde lọ di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn akọni, Dazzler àti Guido.

Kí ló wá dé tí Lila fúnra rẹ̀ kò lọ? Ẹ fojú òǹkọ̀wé wò ó. Ìtàn àwọn akọni dá lórí ìṣòro: wọ́n há sí ibì kan, ọ̀tá ká wọn mọ́, ọ̀nà jìn, àkókò ò sì tó. Bí ẹnì kan bá wà láàrin wọn tó lè gbé gbogbo wọn kúrò níbikíbi lọ síbikíbi, ìtàn parí lójú ewé kejì. Òfin pé ibi tó sún mọ́ kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ ni òǹkọ̀wé fi dáàbò bo ìtàn. Lila kò lè gbé yín jáde nínú ẹ̀wọ̀n tó wà ní òpin àdúgbò kí ó sì gbé yín dé ilé yín lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, òfin náà kò tó. Ẹni tó lè gbé yín dé ilé rẹ̀ lẹ́bàá ìràwọ̀ kan lè gbé yín padà wá sí ibi tó bá yín lára mu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tó kù ni kí a má jẹ́ kí ó wà nítòsí. Kí ó wà lórí ìtàgé lápá ibì kan nínú àgbáálá ayé, kí a má sì mọ ibi tí a ó ti rí i.

Ìdí tí iṣẹ́ olórin fi bá a mu gan-an nìyí, lójú tèmi. Olórin tó ń rìnrìn àjò kì í sí nílé. Kò sí òǹkàwé tó máa béèrè ìdí tí Lila kò fi wá gba ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, torí gbogbo wa ló mọ̀ pé ó lọ kọrin. Nígbà tí ìtàn bá wá nílò ẹni tí yóò gbé èèyàn kọjá ibi tó jìn, á yọjú, á ṣe é, á sì tún lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1991 nìyẹn, nígbà tí Uncanny X-Men dé #273 sí #275. Òun ló gbé àwọn X-Men kúrò nínú ayé wa yìí lọ sí ilẹ̀ ọba àwọn Shi'ar, ní ìkangun òfurufú níbi tí Xavier wà. Láìsí i, ìtàn náà kò ṣeé sọ. Lẹ́yìn tó sì ti gbé wọn dé, ìtàn di ti àwọn ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tó máa ń pinnu ipò irú ẹ̀dá-ìtàn báyìí, ìyẹn òǹkọ̀wé tó fẹ́ràn rẹ̀. Claremont kọ ìtàn X-Men fún ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1975 sí 1991. Nígbà tó fi New Mutants sílẹ̀ fún Louise Simonson ní 1987, Lila ṣì ń yọjú níbẹ̀, torí Sam ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Claremont fi Marvel sílẹ̀ ní 1991, ẹni tó dá Lila sílẹ̀ kò sí nídìí iṣẹ́ mọ́, àwọn tó gba ipò rẹ̀ sì ní àwọn ẹ̀dá tiwọn tí wọ́n fẹ́ gbé lárugẹ. Bí ẹ̀dá-ìtàn kékeré ṣe ń dín kù nìyẹn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pa á.

Ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé ó máa ń jẹ àwọn tí kì í ka ìwé àwòrán lọ́kàn: báwo ni ìwé ṣe ń kọrin? Kò kúkú ní ohùn. Ayàwòrán ní láti fi ojú ṣe iṣẹ́ etí. Ọ̀rọ̀ orin kì í wọ inú ọ̀pọ́n ọ̀rọ̀ tó dákẹ́ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sínú àwòrán á jẹ́ kó fò káàkiri ojú ewé, á fẹ̀ ẹ́, á sún un ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú lè rí i pé ohùn ń lọ sókè. Ayàwòrán á wá ya àwọn èrò: ọwọ́ lókè, ẹnu ṣíṣí. Láti ojú wọn ni a ti mọ̀ pé orin náà dùn. Sienkiewicz mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń da yíǹkì sílẹ̀ bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìlà rẹ̀ kì í gún, gbogbo rẹ̀ á sì dà bí ariwo. A kò mọ bí orin Lila ṣe dún gan-an, olúkúlùkù òǹkàwé ló sì ń fi orin tó mọ̀ sí i.

Èyí wúlò ju bó ṣe dà bíi pé ó rí lọ. Dísíkò tí wọ́n so mọ́ Dazzler lọ́rùn di ohun àná kí ìwé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, wọ́n sì ní láti yí i padà. Ti Lila, rọ́ọ̀kì lásán ni wọ́n pè é, wọn kò sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀dá inú ìwé Marvel kì í dàgbà bíi tiwa. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń fa àkókò wọn bọ̀ tẹ̀lé wa, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1984 lè dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Sam tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn kò tíì di bàbá arúgbó. Lila náà ṣì lè gun orí ìtàgé lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ kà nípa rẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti X-Men, ibẹ̀ ló ń da orí rú. Ẹ kọ́kọ́ wá New Mutants Annual #1, kí ẹ lè rí i nígbà tó ṣì jẹ́ olè. Ẹ tẹ̀ síwájú sí New Mutants #29 fún Guido. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí Uncanny X-Men #273 sí #275. Marvel ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ìgbà náà pọ̀ sínú ìdìpọ̀ ńláńlá, wọ́n sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ń san owó oṣooṣù. Bí ẹ bá fẹ́ ra ti bébà, ẹ wo ẹ̀yìn ìdìpọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí kì í ṣe gbogbo ìdìpọ̀ New Mutants ló ní Annual nínú.